Ẹ̀yin Aláboyún, Ṣé Wọ́n Ti Yẹ Ṣúgà Ẹ̀jẹ̀ Yín Wò?

Ọmọ tó bá wọ̀n ju kílò 4 lọ kì í wọ ìlú Ìròlú ní ìdákẹ́jẹ́. Kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ pé ìyàwó lágbájá bí ọmọ bàǹtà-banta. Ìyá ọkọ á máa jó, bàbá ọmọ á máa fọ́nnu pé oúnjẹ kò wọ́n nílé òun. Inú tèmi náà máa ń dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbẹ̀bí tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ti kọ́ mi láti béèrè ohun kan tí àwọn tó ń jó kì í béèrè: nígbà tí oyún yìí wà ní oṣù mẹ́fà, ta ló yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ wò?

Lóòótọ́, àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé ọmọ ńlá ni wọ́n máa ń bí láti ìran wọn wá, kò sì sí nǹkan tó ṣe ìyá, kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ tó tóbi kọjá bó ṣe yẹ, ó ní èyí tó jẹ́ pé ṣúgà tó kún inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ inú oyún ni à ń pè é. Kì í mú ara gbóná bí ibà, kì í ro ènìyàn nínú, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in ló ń lọ sọ́jà tó ń bọ̀ láìmọ̀. Òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ tí àwọn ẹlòmíì máa ń ní, ta ni yóò fura sí i lára aláboyún? Gbogbo aláboyún ló ń tọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ rántí èyí: bí oyún bá ti wọ oṣù kẹfà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ̀jẹ̀ ni mo wí o. Ti ìtọ̀ nìkan kò tó, mo sì ń bọ̀ wá sórí ìdí rẹ̀.

Málítì, mílíìkì àti ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀

Ìlú kékeré ni Ìròlú, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ìlíṣàn ni aládùúgbò wa. Ọmọ ìlú yìí ni mí, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sì ni mí. Àwọn aláboyún ń pè mí ní Mọ́mì Nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo ṣì máa ń lọ bá wọn jókòó ní ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé lọ́jọ́ ìpàdé wọn, kí n lè ran àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Bí a bá ti kọrin, tí a ti gbàdúrà pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, mo máa ń ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ẹ̀kọ mímu tí òun da ṣúgà sí. Ẹnì kejì á ní gàrí àti ẹ̀pà. Kò sì ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi fa ìgò málítì àti agolo mílíìkì yọ nínú báàgì.

"Mọ́mì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n máa pò ó mu láàárọ̀ àti lálẹ́."

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ìyá ọkọ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n málítì kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, ẹran àti oògùn adáraró tí nọ́ọ̀sì ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tó wà nínú ìgò málítì kan ju kóró ṣúgà onígun márùn-ún lọ. Ẹni tó bá ń mu ìgò méjì lójúmọ́, tó tún fi ẹ̀kọ oníṣúgà ṣíwájú, tó sì fi ẹ̀bà tẹ̀ lé e, ti di ẹrù ńlá lé ara lórí, ní àkókò tí ara kò lágbára láti sọ ẹrù náà kalẹ̀ dáadáa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ẹni tó bá ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá mọ Ògèrè, ibi tí àwọn tírélà máa ń tò sí títí wọn á fi dí ojú ọ̀nà. Ẹrù kún inú wọn, àwọn tó ni ẹrù ń retí, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tí yóò já ẹrù, ojú ọ̀nà ni yóò máa dí sí i. Bí ṣúgà ṣe ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ tí a jẹ á di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ á máa gbé e káàkiri, ínsúlínì ló sì ń já a sínú iṣan àti àwọn ibi tí ara ti ń lò ó. Ẹ̀yà ara kan tó sùn sẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ló ń pèsè ínsúlínì yìí.

Bí obìnrin bá lóyún, ibi ọmọ máa ń tú àwọn họ́mónù kan jáde tó ń mú kí ínsúlínì ìyá lọ́ra. Ọlọ́run ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí oúnjẹ lè pẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí ọmọ sì rí tirẹ̀ mú. Bí oyún ṣe ń dàgbà ni ibi ọmọ ń dàgbà, tí ìlọ́ra náà sì ń pọ̀ sí i, pàápàá láti bí oṣù kẹfà lọ. Ara ọ̀pọ̀ ìyá máa ń pèsè ínsúlínì kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀, nǹkan á sì lọ geerege. Ara àwọn mìíràn kò lè pèsè tó. Ti àwọn wọ̀nyí ni ṣúgà ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣúgà ìyá máa ń kọjá lára ibi ọmọ. Ínsúlínì ìyá kì í kọjá. Ọmọ inú oyún á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ínsúlínì tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu láti fi kojú ṣúgà tó ń wọlé, á sì máa sọ ọ́ di ọ̀rá. Èjìká àti ikùn ni ọ̀rá náà máa ń jókòó sí jù. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, tó ń bọ̀ wá gba ojú ọ̀nà ìbí.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀

Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba agbẹ̀bí jù ni kí orí jáde kí èjìká há. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà láti fi yọ ọmọ náà. Bí wọ́n bá fipá fà á, iṣan apá ọmọ lè já tàbí kó nà kọjá bó ṣe yẹ, kí apá náà máa ṣe jọ̀wọ̀lọ̀. Ìyá lè ya, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa ya lára rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún tètè máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó lè yọrí sí gìrì aláboyún, iṣẹ́ abẹ sì máa ń pọ̀ láàárín wọn. Bí ṣúgà náà bá pọ̀ gan-an tí kò sí ìtọ́jú, ọmọ lè kú sínú nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bí i.

Ewu mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, lẹ́yìn tí ọmọ ti ké, tí wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀. Ṣúgà ìyá dáwọ́ dúró lójijì, ṣùgbọ́n ínsúlínì tí ọmọ ti ń pèsè lọ́pọ̀ yanturu kò tíì dáwọ́ dúró. Ṣúgà ara ọmọ á wá já wálẹ̀. Ọmọ á máa gbọ̀n, á rọ, kò ní fẹ́ mu ọmú, nígbà mìíràn gìrì á mú un. Nílé tí kò bá sí ẹni tó mọ̀, wọ́n á ní ayé ti ń bá a jà, wọ́n á máa wá ẹni tó ṣe é. Ẹni tó mọ̀ á tètè gbé ọmọ sí ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́, á sì ṣe àyẹ̀wò ṣúgà rẹ̀.

Mo mọ obìnrin kan tó ń ta fùfú. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tóbi, wọ́n sì ya á kó tó bí i. Èkejì kú sínú nígbà tí oyún ti pé oṣù. Àwọn ẹbí gbé e láti ilé wòlíì kan dé òmíràn, wọ́n dárúkọ ìyá àgbà kan ládùúgbò pé òun ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó lóyún ẹ̀kẹta, mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣágámù lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí ìtàn tó sọ fún mi nípa ọmọ ńlá àti òkú ọmọ jọ mí lójú. Ṣúgà rẹ̀ ga. Wọ́n fún un ní ètò oúnjẹ, nígbà tó yá wọ́n fi ínsúlínì kún un. Ọmọ tó bí kò ju kílò 3 àti díẹ̀ lọ, igbe rẹ̀ sì gba ilé kan. Ìyá àgbà tí wọ́n ti bà lórúkọ jẹ́ wá síbi ìkómọ náà.

Ìdí tí ìtọ̀ kò fi tó

Nílé ìtọ́jú wa, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, wọ́n máa ń ti páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ aláboyún. Bó bá yí àwọ̀ padà, ṣúgà wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí wúlò, ẹ má ṣe kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó lè tan ènìyàn jẹ lọ́nà méjì. Nínú oyún, kíndìnrín lè jẹ́ kí ṣúgà díẹ̀ jò sínú ìtọ̀ nígbà tí ti ẹ̀jẹ̀ kò ga rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀jẹ̀ lè ti ga kí ti ìtọ̀ má fi nǹkan kan hàn. Àwọn àgbà wa máa ń wo bóyá èèrà ṣù bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí. Bó bá ti dé ibi kí èèrà máa ṣù bò ó, ọ̀rọ̀ ti jìnnà.

Àyẹ̀wò tó dájú rọrùn láti ṣàlàyé. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ kò ní jẹun láti alẹ́ di òwúrọ̀, ó kéré tán wákàtí 8, ṣùgbọ́n ẹ lè mu omi lásán. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á wá fún yín ní gúlúkóòsì gíráàmù 75 tí wọ́n pò mọ́ omi. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kejì wọ́n á tún gbà á. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi parí, kí ẹ má rìn kiri. Ẹ gbé oúnjẹ dání láti ilé, nítorí ebi á ti máa pa yín.

Ní ọdún 2013, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀. Bí ṣúgà bá tó 5.1 kí ẹ tó mu gúlúkóòsì, tàbí tó 10.0 lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí tó 8.5 lẹ́yìn wákàtí méjì, àtọ̀gbẹ inú oyún ni. Ẹyọ kan nínú mẹ́ta tó. mmol/L ni wọ́n fi ka iye wọ̀nyí; bí ẹ̀rọ wọn bá ń fi mg/dL kà á, 92, 180 àti 153 ni ẹ ó rí. Bí ti àárọ̀ bá tó 7.0, tàbí ti wákàtí kejì bá tó 11.1, àtọ̀gbẹ gidi ni wọ́n á kà á sí, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà lára kí oyún tó dé.

Ìwádìí ńlá kan ló bí òṣùwọ̀n yìí. HAPO ni wọ́n pè é, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Aláboyún tó lé ní 23,000 ni wọ́n wò, ní ojúkò 15, ní orílẹ̀-èdè 9. Wọ́n rí i pé bí ṣúgà ìyá ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni ewu ọmọ ńlá àti iṣẹ́ abẹ ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ojúkò 15 náà, kò sí ẹyọ kan ní Áfíríkà. Barbados ló sún mọ́ wa jù níbẹ̀, ní ti pé ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ wa ló pọ̀ jù ní erékùṣù náà. Ìdí nìyí tí inú mi fi máa ń dùn bí mo bá rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláboyún ní Rẹ́mọ níhìn-ín. Àwa náà yẹ kí a mọ iye tiwa.

Ilé ìwòsàn ńlá kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ wà ní Ṣágámù láti ọdún 1986, ti Yunifásítì Babcock sì wà ní Ìlíṣàn, ibi tí ọ̀kadà ń ná lójoojúmọ́ láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín, kí ẹ lọ.

"Kò sí nínú ìdílé wa"

Èyí ni ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù. Òtítọ́ ni pé ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ tètè fura. Ẹni tó sanra jù kó tó lóyún, ẹni tó ti lé ní ọdún 35, ẹni tó ti bí ọmọ tó tó kílò 4 rí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú sínú rí láìsí ìdí tí wọ́n rí, àti ẹni tó ti ní irú rẹ̀ nínú oyún ìṣáájú náà gbọ́dọ̀ fura. Kí irú wọn má dúró de oṣù kẹfà, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ní in ni kò ní ìkankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Àjọ àgbáyé lórí àtọ̀gbẹ, IDF, ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2021 pé nínú ìbímọ 6 káàkiri ayé, ṣúgà ìyá ga nínú 1. Bí aláboyún 12 bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ ka orí wọn.

Ohun mìíràn tó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé a máa ń fi oyún pamọ́. Ẹ̀rù ayé ń ba obìnrin, kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ kó tó yọ. Ìgbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, oyún ti pé oṣù méje tàbí mẹ́jọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní dé. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó bímọ ní Nàìjíríà, 67 ló rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà nígbà oyún, 39 péré ló sì bí sílé ìwòsàn. Ilé ìyá àbíyè àti ilé àgbẹ̀bí ìjọ ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń lọ. N kò bá wọn jà. Mo máa ń lọ kí wọn, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n: ẹ gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má sì fi aláboyún tó ní àtọ̀gbẹ sínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pàápàá fi àyè gba aláboyún tó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ láti sun ààwẹ̀ Ramadan síwájú.

Oúnjẹ Rẹ́mọ kò burú

Inú àwọn obìnrin máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ pé ṣúgà wọn ga, wọ́n á rò pé oúnjẹ òyìnbó ni wọ́n á máa rà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú aláboyún 10 tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún, bíi 7 sí 8 ló ń rí i pé oúnjẹ tó wà létòlétò àti ìrìn ẹsẹ̀ ti tó, láìlo oògùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ni, ìyẹn ni pé oúnjẹ tó ń di ṣúgà ni. Kò séèwọ̀, ṣùgbọ́n àṣà wa láti fi ẹ̀bà tútù jẹ ìkọ́kọrẹ́ ni kí aláboyún yìí fi sílẹ̀ títí yóò fi bímọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kó mú. Kó jẹ́ kí ẹja inú rẹ̀ pọ̀. Ebiripò náà, kókò ni, ẹyọ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó kún àwo sàn ju mẹ́ta pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀ lọ. Ní ti fùfú, ẹ̀bà, láfún àti iyán, kí òkèlè má ju ìkúùkù ọwọ́ yín lọ. Ìdajì àwo kó jẹ́ ẹ̀fọ́, ewédú tàbí ilá, kí ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà, kí ìdá mẹ́rin tó kù jẹ́ òkèlè.

Àárọ̀ ni ṣúgà máa ń le jù lára aláboyún tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀kọ mímu tó ki pẹ̀lú ṣúgà lásán á gbé e ga kíákíá. Ẹ dín in kù, ẹ má fi ṣúgà sí i, kí ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà tì í. Ọsàn tí a jẹ lódidi sàn ju omi ọsàn inú páálí lọ. Ẹ jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fi ẹ̀pà ọwọ́ kan tàbí ẹyin sísè sí àárín. Ẹ má fi ebi pa ara yín, ebi kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ fún aláboyún. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rìn díẹ̀. Bí ìrìn gbogbo ọjọ́ bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó dára, àyàfi bí dókítà bá ní kí ẹ sinmi.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa fi ẹ̀rọ gún ìka nílé, iye tí wọ́n sábà máa ń wá ni kí ti àárọ̀ má tó 5.3, kí ti wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ má tó 6.7. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, kí ẹ mú ìwé náà dání lọ́jọ́ ìpàdé.

Abẹ́rẹ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín

Bí oúnjẹ àti ìrìn kò bá tó, dókítà lè ní kí ẹ gba ínsúlínì. Àwọn aláboyún mìíràn máa ń sunkún bí wọ́n bá gbọ́ èyí. Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ náà á pa ọmọ, tàbí pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ wọn kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́: ínsúlínì abẹ́rẹ́ kì í kọjá ibi ọmọ. Kì í ṣe oògùn àná. Ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, ni Banting àti Best ti rí i ní 1921, wọ́n sì kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọdún 14 kan ní 1922. Kí ó tó dé, àtọ̀gbẹ gidi àti oyún kì í bára wọn gbé láyọ̀. Bí ẹ bá sì bímọ tí ibi ọmọ ti jáde, ọ̀pọ̀ ló ń dáwọ́ abẹ́rẹ́ náà dúró lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ iná ìjọba ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn: "Mọ́mì, níbo la fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sí?" Èyí tí ẹ kò tíì ṣí ni kó wà nínú fíríìjì, kó má dì. Ìgò tí ẹ ti ṣí lè wà níta nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru kò bá mú un. Bí ilé bá gbóná, ẹ fi í sínú ike tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ gbé ike náà sínú ìkòkò amọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, fi ìkòkò sínú ìkòkò pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn láti fi tọ́jú ẹ̀fọ́, ó sì gba ẹ̀bùn àgbáyé ti Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ọgbọ́n àmù àwọn ìyá wa náà ni.

Ìtọ́jú yìí lérè. Ní Australia àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín aláboyún 1,000 tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Láàárín àwọn tí wọn kò fún ní ìtọ́jú pàtàkì, nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí ọmọ 4 nínú 100, irú bíi kí ọmọ kú, kí èjìká há, kí egungun ṣẹ́ tàbí kí apá rọ. Láàárín àwọn tí wọ́n tọ́jú, ó wálẹ̀ sí 1 nínú 100.

Lẹ́yìn ìkómọ

Bí ibi ọmọ bá ti jáde, ṣúgà ọ̀pọ̀ ìyá máa ń padà sí bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni a ti ń gbàgbé. Obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ nínú oyún lè ní àtọ̀gbẹ ayérayé lẹ́yìn ọ̀la tó ìlọ́po 7 ti ẹni tí kò ní in rí. Ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Kò yẹ kó ṣòro fún wa láti rántí, nítorí ọ̀sẹ̀ 6 náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ń tó ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba tirẹ̀, ẹ béèrè tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣe é lọ́dún kan sí ọdún mẹ́ta, títí ayé. Ẹ fún ọmọ lọ́mú dáadáa, ó ń ṣe ìyá lóore bó ṣe ń ṣe ọmọ. Bí oyún mìíràn bá sì dé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọkọ, owó ọ̀kadà lọ sí Ìlíṣàn tàbí Ṣágámù àti owó àyẹ̀wò kò ju ohun tí ẹ ń ná síbi ìkómọ lọ. Ẹ yọ ọ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ fi owó málítì ra ẹja àti ẹ̀wà. Ẹ̀yin ìyá àbíyè àti wòlíì, ẹ má gba aláboyún tí kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin aláboyún, bí oṣù kẹfà bá ti wọlé tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì dárúkọ àyẹ̀wò ṣúgà fún yín, ẹ má dúró kí wọ́n rántí. Ẹ fẹnu ara yín béèrè rẹ̀.